Ìmọ́lẹ̀ Láàárín Pákó Méjì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àárò wa. Ara yín ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń sáré gun àtẹ̀gùn yẹn bí ọmọge? Èmi wà dáadáa. Òtútù ibí nìkan ló ń bá mi jà, àmọ́ a ti ń mọwọ́ ara wa.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí sáńpépà. Ọ̀gá wa ní kí n bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìfági. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni mo dúró tí mò ń wò ó bí ẹni tó pàdé ará ilé ẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ti bàbá mi gẹ́lẹ́ ni: pẹpẹ irin kan níbi tí pákó ti ń wọlé, pẹpẹ irin kejì níbi tó ti ń jáde, abẹ tó ń yí bírí láàárín wọn, àti irin gbọọrọ tí pákó ń fara tì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òórùn ẹ̀ pàápàá ò yàtọ̀, òórùn epo àti igi tútù. Màmá, omi bọ́ lójú mi níṣojú gbogbo wọn. Mo ní ìyẹ̀ igi ló kó sí mi lójú.

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń dúró nídìí ìgbúnwọ́ bàbá mi, tí n ó máa wo ọwọ́ wọn? Wọ́n á ti pákó, wọ́n á ké pé, "Ó ń bọ̀ o!" Ẹ̀yin náà á dáhùn láti òdìkejì pé, "Mo ti gbà á!" Mo máa ń rò pé eré lẹ̀ ń ṣe. Títí dòní, tí mo bá ti ti pákó, ẹnu á máa yún mi láti ké e, àmọ́ ta ni n ó ké e sí?

Wàhálà kan wà ṣá. Tábìlì gígùn là ń ṣe fún ilé ìkàwé kan, pákó tí a lẹ̀ pọ̀ la fi ń ṣe ojú ẹ̀. Pákó kúkúrú tí mo bá fá, ó gún régé. Tó bá ti di gígùn, ó parí! Mo kó méjì pọ̀, mo gbé wọn sókè sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ láàárín wọn bí ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé. Kò sí gọ́ọ̀mù tó máa mú irú ẹ̀. Ọ̀gá wa kì í pariwo. Ó kàn wò ó, ó ní tí oṣù karùn-ún bá fi máa parí tí pákó gígùn mi ò tíì gún, òun á wá ẹlòmíì sídìí ẹ̀rọ náà, ẹlòmíì ti gba ìdí sáńpépà. Ìyẹn ni pé kí n máa lọ. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ níbí, Màmá, mi ò mọ ibi tí n ó forí lé.

Mo ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Àwọn abẹ inú ẹ̀ mú, gíga wọn dọ́gba. Pẹpẹ ibi tí pákó ti ń jáde bá ẹnu abẹ dọ́gba, bó ṣe yẹ. Irin ìfaratì dúró ṣánṣán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onítábìlì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń ṣe tí pákó gígùn bá ń wọ́. Àwọn nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ yẹn. Kí ẹ sì má gbàgbé láti máa fi aṣọ bo ẹ̀rọ bàbá mi, kó má dípẹtà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọ̀gá Kékeré


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà ẹ gbà. O kí orúnkún mi ní ìlà kan, o wá fi ìyókù ìwé kí ẹ̀rọ. Ó dáa. Ẹ̀rọ náà ní kí n kí ẹ.

Ara mi le. Orúnkún ń dùn mí, àmọ́ ó ṣì ń gbé mi débi tí mo bá fẹ́. Inú mi dùn pé wọ́n gbé ẹ kúrò nídìí sáńpépà, ikọ́ tí o máa ń hú yẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá Onítábìlì. Etí wọn ti di, torí náà gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ báyìí pé pákó ẹ ń wọ́. Wọ́n ní abẹ ni. Mo ní o ti yẹ abẹ wò. Wọ́n ní kí o gbé pẹpẹ tí pákó ti ń jáde sókè díẹ̀. Mo ní o sọ pé ó dọ́gba. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ wá kọ́ àwọn níṣẹ́ ni. Mo dúpẹ́, mo bọ́ síta. Iṣẹ́ tí o rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ilé oníbàtà. Kò ní ẹ̀rọ, ó sì ti wá bi mí léraléra bóyá n ó ta ti bàbá ẹ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Mo ń rò ó pé kí n jẹ́ kó gbé e. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Tí mo bá ṣílẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ yẹn láàárọ̀ láti gbá a, ńṣe ló máa ń dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Nígbà tí bàbá ẹ wà, èèyàn kì í gbọ́ ohun tó ń rò nínú yàrá yẹn. Ní báyìí, gbogbo ohun tí mò ń rò ni mò ń gbọ́. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá.

Ṣọ́ ìka ẹ. Má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ẹ̀rọ o, bàbá ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí yín dáadáa, mo kí orúnkún ọ̀tún, mo kí ti òsì, kí ẹnì kankan má bàa bínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má ta ẹ̀rọ bàbá mi! Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà yín, mi ò lè jẹun. Kí ni n ó wá rí tí mo bá délé? Yàrá òfo? Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin tó ń nu ẹsẹ̀ yẹn lọ nu ẹsẹ̀ ẹ̀ níbòmíì.

Mo ṣe bí Bàbá Onítábìlì ṣe wí. Mo gbé pẹpẹ ìjáde sókè díẹ̀. Háà! Orí pákó wá ń lọ forí sọ etí pẹpẹ. Èyí tó bá rọ́nà kọjá, orí ẹ̀ á fẹ́lẹ́, ìdí ẹ̀ á sanra. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí a ń pè ní Súfèé, torí pé ó máa ń súfèé látàárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Nígbà tó rí pákó mi, súfèé dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ká má jù ú nù, pé ó máa dáa láti fi há ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn. Mo dá pẹpẹ padà sí bó ṣe wà. Ọ̀gá wa kọjá, ó kàn wo pákó, ó wò mí. Ì bá sàn kó bú mi.

Gbogbo bí bàbá mi ṣe ń ṣe é ni mò ń ṣe é. Ẹsẹ̀ òsì síwájú, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn pákó, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, máa tì í, má dúró. Ojú mi ni mo fi kọ́ ọ, mi ò gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀. Kí ló wá dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá Bàbá Onítábìlì, kí ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n ronú dáadáa.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn jẹ́. Èmi àti bàbá mi la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin kàn máa ń kó pákó jọ ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Màmá,

Mi ò rí èsì gbà. Tí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà wa, n ó sáré jáde, á ní kò sí tèmi. Ṣé ẹ ò ṣàìsàn ṣá? Ṣé ẹ ò ṣubú lórí àtẹ̀gùn? Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ta ẹ̀rọ ni, ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀.

Pákó ṣì ń wọ́. Àná, obìnrin kan wá sọ́dọ̀ ọ̀gá wa, wọ́n jọ wo ẹ̀rọ náà tipẹ́tipẹ́. Súfèé ní ó wá wáṣẹ́ ni.

Ẹ kọ̀wé sí mi, ìlà kan náà tó.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mi ò ṣàìsàn. Mi ò ṣubú. Inú ló bí mi, mo sì fẹ́ kó tutù kí n tó mú bírò. Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

O ní mo kàn máa ń kó pákó jọ. Nígbà tí mo kà á, mo ká ìwé náà, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo lọ fọ aṣọ tó mọ́. Látìgbà tí o ti ní wàhálà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lo ti rán mi sí adití, o ò bi èmi léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa kíkó pákó jọ fún ẹ. Mi ò ní yóò wúlò fún ẹ o. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ ni.

Ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ lo máa ń dúró sí. Wọn ò jẹ́ kí o dé òdìkejì rí, wọ́n ní pákó á gbá ọmọ náà láyà. Torí náà o ò rí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Pákó kúkúrú, wọn kì í pè mí sí i. Àmọ́ tó bá ti gùn ju èèyàn lọ, wọ́n á fi òòlù gbá ògiri, gbàgbà! Ohun yòówù kí n máa ṣe, n ó fi í sílẹ̀. N ó lọ dúró níwájú. Bí orí pákó bá ṣe ń kọjá abẹ báyìí, ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀. Kì í ṣe kí n fà á o! Tí mo bá fà á, ìjà dé. Kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ ni, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ ọmọ sùn, ṣùgbọ́n kó má rí àyè gbéra. Bó ṣe ń jáde, ọwọ́ bàbá ẹ lẹ́yìn á máa fúyẹ́, tèmi á máa wúwo. Tó bá yá, tèmi nìkan ló máa kù. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ní, "Mo ti gbà á." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè mí.

Àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń gbóná bí ẹni gbé ìkòkò. Tí a bá ṣe tán, wọ́n á di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. O ò rí ìyẹn náà.

Nígbà tí mo lóyún ẹ, ikùn ò jẹ́ kí n súnmọ́ ẹ̀rọ mọ́. Pákó gígùn fara ti ògiri títí o fi dé. Àwọn tó ní ibùsùn wá ń béèrè ibùsùn wọn, bàbá ẹ á ní, "Ẹ ní sùúrù, ọwọ́ iwájú ń retí ọmọ." Wọn ò fá ẹyọ kan. Mo rántí ẹ̀ lánàá, mo ń rẹ́rìn-ín, mo wá ń sunkún.

Wọn ò pè mí ní gbẹ́nàgbẹ́nà rí, èmi náà ò sì béèrè. Tí èèyàn bá ní kí ni mò ń ṣe, mo máa ń ní ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà. Mi ò mọ ìdí tí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn mọ́ látọjọ́ tí mo ti ka lẹ́tà ẹ.

Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ nínú oṣù tó ń bọ̀ láti wá dán ẹ̀rọ wò. Ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà ni n ó ṣe.

Ìyá ẹ,
akó-pákó-jọ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ìyá mi, ọwọ́ iwájú,

Mo kúnlẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì tútù ni mo kúnlẹ̀ sí, kí ẹ mọ̀. Ẹ má bínú sí mi mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ò dáa, kò sì jóòótọ́.

Ìdí pákó ni mo jókòó sí nígbà oúnjẹ ọ̀sán tí mò ń ka lẹ́tà yín. Mo kà á dé ibi tí ẹ ti ní ọwọ́ wọn á máa fúyẹ́, tiyín á máa wúwo. Mo tún un kà. Mo dìde fùú, oúnjẹ mi dà nù. Súfèé ní, "Ta ló dé?" Mo ní, "Ìyá mi ló dé."

Màmá, ẹ̀rọ ò ní ẹ̀bi. Abẹ ò ní ẹ̀bi. Èmi ni. Ọwọ́ bàbá mi nìkan ni mo kọ́. Ẹ̀yìn ni mò ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí iwájú ò sì lẹ́nì kankan. Pákó kúkúrú lè fara dà á. Èyí tó gùn, bí orí ẹ̀ bá ti jáde tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lórí pẹpẹ, á máa mì, abẹ á máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń mì. Iṣẹ́ ẹni méjì ni mò ń fi ọwọ́ ẹnì kan ṣe, mo wá ń bá irin jà.

Mo gbé ìdúró onígi kan síwájú kó máa ru orí pákó. Mo ti pákó. Bí orí ẹ̀ ṣe kọjá abẹ, mo gbé ọwọ́ òsì fò kọjá, mi ò jẹ́ kó balẹ̀ lórí abẹ, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ tiyín, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún náà lọ bá a. Mo ń rìn tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Mo fá ìkejì bẹ́ẹ̀. Mo kó méjèèjì pọ̀, mo gbé wọn sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ kankan ò yọ, Màmá. Mo pariwo, "Mo ti gbà á!" Gbogbo ilé iṣẹ́ wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Ọ̀gá wa wá. Ó fẹ́ ki bébà sáàárín wọn, bébà ò wọlé. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi ní ìdajì, ìyá mi ló fi lẹ́tà kọ́ mi ní ìyókù. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní kí n fá pákó gbogbo tábìlì tó kù, àti pé kò sẹ́ni tó máa gba ìdí ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ mi.

Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣàárò bàbá mi nídìí ẹ̀rọ, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà nínú àárò yẹn. Ẹ̀rọ yín ni. Tí ẹ bá ní kó lọ, kó lọ. Mi ò ní wí nǹkan kan.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọ̀gá Kékeré mi,

Mo ti dárí jì ẹ́. Dìde lórí sìmẹ́ńtì, kí orúnkún tìẹ náà má bàa di ohun tí wọ́n ń kí nínú lẹ́tà.

Ọkùnrin yẹn wá. Ó nu ẹsẹ̀ ẹ̀, ó gbé pákó gígùn kan dání. Mo ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ, mo tan án. Ohùn yẹn, ọmọ mi! Mo di ògiri mú. Ó ti pákó náà wọlé, ó jáde, ó gbé e sójú, ojú ẹ̀ le. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́. Ó ń wọ́ pákó." Mo ní, "Ta ló bàjẹ́? Má bú ẹ̀rọ ọkọ mi!"

Mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró sí, mo ní kó tún un tì. Ó ń wò mí bíi pé kó pe èèyàn. Ó tì í ṣá. Ọwọ́ mi ò dúró gbàṣẹ lẹ́nu mi, ó ti bọ́ sórí pákó. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀lé e, ọwọ́ tiẹ̀ ń fúyẹ́, tèmi ń wúwo, gbogbo ẹ̀ ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké e, "Mo ti gbà á!" Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. Èmi jókòó lórí àpótí bàbá ẹ, mo sunkún dáadáa, mi ò tijú.

Ó dúró títí mo fi ṣe tán. A fá ìkejì. Ó kó wọn pọ̀, ó gbé wọn sójú fèrèsé, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Ó ní òun á gbé ẹ̀rọ náà lónìí. Mo ní kò lọ síbì kankan mọ́. Mo ní kó máa gbé pákó gígùn ẹ̀ wá, òun á máa tì, èmi á máa gbà, owó iṣẹ́ mi sì wà níbẹ̀. Ó gbà. Bàbá Onítábìlì ti gbọ́, wọ́n ti fi pákó tiwọn ránṣẹ́, wọ́n ní kí n yẹ abẹ wò kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Yàrá yẹn ò dákẹ́ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń gbóná. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i fún mi, ìyẹn ló dùn mí, àmọ́ mo ń fẹ́ ẹ fúnra mi.

Kí ọkùnrin náà tó lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, tí àwọn èèyàn bá bi mí pé ta ló ń bá mi ṣiṣẹ́, kí ni kí n sọ?" Mo la ẹnu kí n sọ èyí tí mo máa ń sọ, kò jáde. Èyí tó jáde ni mo kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti dé, ó ń fi òòlù gbá ògiri. Pákó gígùn ni.

Ìyá ẹ,
gbẹ́nàgbẹ́nà